Omi bọ́hòlù tó ń pọ́n ní Kubwa: ẹ bá wa dá sí i

Ìyá Ìbejì, Kubwa

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ omi ló gbé mi wá. A ní bọ́hòlù nílé wa ní Kubwa níbí. Bí a bá tan sumo, ẹ̀rọ tó ń fa omi láti inú kànga, omi tó ń ti ẹnu páìpù jáde mọ́ gaara. Ṣùgbọ́n tó bá ti sun táǹkì mọ́jú, á ti pọ́n rúsúrúsú. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ pupa ti dì sísàlẹ̀ táǹkì, téèyàn bá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó ń yọ̀. Yunifọ́ọ̀mù funfun àwọn ọmọ ti gba àwọ̀ ìpẹtà. Ojú ihò ṣáwà ti dí. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé ló tún wá le sí i.

Bàbá àwọn ọmọ ní álọ́ọ̀mù ni ká lò. Ẹni tó ń ta fílítà wá wo ilé, ó ṣírò owó tó ju agbára wa lọ. Aládùúgbò wa sì ní ká fi kànga yẹn sílẹ̀, ká gbẹ́ òmíràn. Ta ni ká gbọ́ tirẹ̀? Ẹni tó bá ti rí irú rẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà wá nímọ̀ràn.

Alájàpá Suleja

Álọ́ọ̀mù ni o. Kò sí oògùn omi tó jù ú lọ. Nílé wa, a máa ń so ó mọ́ igi, a ó fi ro omi yíká yíká, a ó fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ìdọ̀tí á wálẹ̀, omi á tòrò kedere. Ẹ gbọ́ ti ọkọ yín.

Ẹlẹ́rọ Dei-Dei

Ẹ kú wàhálà omi, ìyá. Iṣẹ́ kànga ni mò ń ṣe, láti Dei-Dei dé Zuba. Ẹ má tíì ra nǹkan kan o. Ẹ kọ́kọ́ mọ irú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó ń bá yín jà, nítorí ohun tó ń wo ọ̀kan sàn kì í wo èkejì.

Ẹ wá garawa funfun kan. Ẹ má gba omi inú táǹkì sí i. Ibi tí páìpù ti ń ti inú kànga jáde gan-an ni kí ẹ ti gbà á, lẹ́yìn tí sumo bá ti ṣiṣẹ́ díẹ̀. Ẹ gbé e síbi tí ọmọdé kò ní dé, ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó kí afẹ́fẹ́ lè máa wọ̀ ọ́, ẹ má rò ó. Ẹ wò ó lójú ẹsẹ̀, ẹ wò ó nígbà tó bá tó bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ tún wò ó lọ́jọ́ kejì.

Tí ohun kan bá tètè lọ sísàlẹ̀, tí ẹ fi ìka rà á tó ń ha yín lọ́wọ́, yanrìn nìyẹn. Yanrìn kò gba oògùn. Ó lè jẹ́ pé kéésìn, ìyẹn páìpù ńlá tó gbé ògiri kànga dúró, ti sán, tàbí òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n dà yí i ká kò tó. Ó lè jẹ́ pé wọ́n gbé sumo sún mọ́ ìsàlẹ̀ jù, tàbí pé agbára sumo ju omi tí kànga lè mú wá lọ. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi ilẹ̀ bá fà sẹ́yìn ló máa ń hàn jù. A lè fa sumo sókè ní gígùn páìpù kan, a sì lè fi kọ̀mprẹ́sọ̀ fẹ́ kànga náà títí omi á fi mọ́. Ẹ má fi irú èyí falẹ̀, torí yanrìn ló ń jẹ inú sumo.

Tí omi bá ti pọ́n tàbí tó rí fúlúfúlú láti ẹnu páìpù, tí kò sì tètè tòrò, amọ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni álọ́ọ̀mù ti wúlò.

Tó bá mọ́ nígbà tó jáde, tó wá ń pọ́n bí wákàtí ti ń lọ, irin tó ti yọ́ sínú omi ni. Lábẹ́ ilẹ̀, afẹ́fẹ́ kò kàn án, ìdí nìyẹn tí ojú kò fi rí i. Ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá kàn án ló ń di ìpẹtà. Gránáìtì àti àwọn àpáta tó jọ ọ́ ló wà lábẹ́ Abuja yìí. Ibi tí àpáta ti sán àti ibi tó ti rà ni omi wa ti ń wá, irin sì wà nínú àwọn òkúta yẹn.

Ó ku ọ̀kan. Tó bá jẹ́ omi ìdájí nìkan ló ń pọ́n, tó ń mọ́ lẹ́yìn tó bá ti ṣàn díẹ̀, páìpù irin inú ilé ló ń dípẹtà. Ẹ má dá kànga lẹ́bi ìyẹn.

Ohun tí ẹ sọ jọ irin lójú mi, ṣùgbọ́n garawa ni kó jẹ́rìí.

Alájàpá Suleja

Ẹ̀gbọ́n Dei-Dei, ojú mi ni álọ́ọ̀mù ti ń ṣiṣẹ́ láti kékeré o.

Ẹlẹ́rọ Dei-Dei

Mo gbà, àbúrò. Kànga àfọwọ́gbẹ́ ni tiyín, àbí omi odò? Amọ̀ ló wà nínú ìyẹn, álọ́ọ̀mù á kó o jọ, á sì wálẹ̀. Irin tó ṣì yọ́ nínú omi kò tíì di ohun tí álọ́ọ̀mù lè kó jọ. Bí wọ́n bá lò ó lónìí tí omi tòrò, omi tó bá wọlé lọ́la á tún pọ́n.

Ìyá Ológì, Nyanya

Ògì ni mò ń ṣe tà, omi sì ni ọjà mi dúró lé. Bí irin bá pọ̀ nínú omi, ògì funfun á yí àwọ̀, oníbàárà á ní mo ti gbé e pẹ́ kí n tó tà á. Nítorí náà, mo kà á sí gan-an.

Ìyá Ìbejì, ọ̀nà mìíràn tún wà tí ẹ lè fi dán an wò. Ẹ po tíì tó ki, ẹ má fi mílíìkì sí i. Ẹ bu omi kànga tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sínú ife kan, ẹ bu píọ̀ wọ́tà sínú ife kejì, kí ẹ wá da ìwọ̀n tíì kan náà sínú méjèèjì. Tí irin bá pọ̀ nínú omi yín, ife tiyín á dúdú ju ìkejì lọ. Lójú yín báyìí ni á ṣe ṣẹlẹ̀.

Táǹkì méjì ni a fi yanjú tiwa. Omi tó ń bọ̀ láti kànga ń gba orí ṣáwà tí a dè mọ́ òkè táǹkì kìíní, kó lè máa fọ́n wẹ́wẹ́ kí afẹ́fẹ́ ráyè wọ̀ ọ́. Ibẹ̀ ni á sùn. Nígbà tó bá fi di àárọ̀, ìpẹtà á ti jókòó. Páìpù tó ń gbé omi lọ sí táǹkì kejì kò sí nísàlẹ̀ pátápátá, a gbé e sókè tó ìgbọ̀nwọ́ kan, kó má baà fa gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Nísàlẹ̀ gan-an la fi fáàfù mìíràn sí, òun la fi ń tú ìdọ̀tí dànù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Púlọ́ńbà àdúgbò ló ṣe é. Ẹ kò nílò ẹni tó ń wọ táì wá síléèyàn.

Bàbá Tọ́lá, Gwarinpa

Ìyẹn dára fún ẹni tó ní àyè táǹkì méjì. Kì í ṣe gbogbo ilé ló ní i. Sọ́fúnà ni mo rà, ẹ̀rọ tó ń sọ omi líle di rírọ̀, èyí tí wọ́n ń da iyọ̀ sí. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀wà kì í jinná nílé wa, gáàsì á fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lórí rẹ̀. Ọṣẹ kì í hó. Inú kẹ́tùlù a máa di èèpo funfun tó le, tí ọ̀bẹ ni a fi ń há a. Gbogbo rẹ̀ ti lọ. Ẹ ra sọ́fúnà, ìyá, kí ẹ sinmi. Ẹni tó ta tèmi ní ó ń yọ irin pẹ̀lú.

Olùkọ́ Kẹ́mísírì, Zaria

Ẹ kú àárọ̀ gbogbo ilé. Bàbá Tọ́lá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe díẹ̀. Ohun tó ń dà yín láàmú ni omi líle. Kálísíọ́mù àti magnésíọ́mù ló fà á. Òun ni kì í jẹ́ kí ọṣẹ hó, òun ni kì í jẹ́ kí ẹ̀wà tètè rọ̀, òun náà ló ń di èèpo funfun bí iná bá ti kàn án. Iṣẹ́ sọ́fúnà gan-an nìyẹn, ó sì ṣe é fún yín. Ti Ìyá Ìbejì yàtọ̀. Òótọ́ ni pé sọ́fúnà lè mú irin díẹ̀ tó ṣì yọ́. Ṣùgbọ́n tí irin náà bá pọ̀, tàbí tó ti di ìpẹtà kó tó dé ibẹ̀, á bo àwọn hóró inú ẹ̀rọ náà, wọn ò ní lè ṣiṣẹ́ mọ́. Irin ni kí wọ́n kọ́kọ́ yọ, kí sọ́fúnà tẹ̀ lé e, ìyẹn tí omi bá tún le. Nǹkan kan tún wà o: sódíọ́mù inú iyọ̀ yẹn ló ń rọ́pò kálísíọ́mù nínú omi. Bí ẹlẹ́jẹ̀ ríru bá wà nínú ilé, ẹ jẹ́ kí táàpù omi mímu àti ti sísè yà kúrò kí omi tó wọ sọ́fúnà.

Ìlànà omi mímu ti orílẹ̀-èdè wa fi ààlà irin sí 0.3 mílígíráàmù nínú lítà kan, ti líle omi sí 150, ti manganese, mẹ́táàlì mìíràn tó ń yọ́ sínú omi bí irin, sí 0.2. Ààlà irin yẹn, ọ̀rọ̀ adùn àti àbàwọ́n aṣọ ló fà á, kì í ṣe pé ó jẹ́ májèlé ní ìwọ̀n yẹn. Torí náà kí ìyá má bẹ̀rù pé àwọn ọmọ ti mu oró. Ti manganese ni mo máa ń fojú sí, torí pé bó bá pọ̀ jù ó lè ba ọpọlọ àti iṣan jẹ́. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tirẹ̀ dúdú.

Nípa ṣáwà tí Ìyá Ológì sọ, ọ̀nà tó dára gan-an ni, bí omi kò bá kan jù. Ẹ yẹ pH wò, òun ni ìwọ̀n tó ń sọ bí omi ṣe kan tó; bó bá ṣe kéré tó ni omi ṣe kan tó. Tó bá wà ní 7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, afẹ́fẹ́ á sọ irin di ìpẹtà kíákíá. Tó bá wà nísàlẹ̀ 6.5, á falẹ̀ gan-an. Bí pH bá fi ẹyọ kan péré gòkè, iṣẹ́ yẹn á yá ní bí ìlọ́po 100. Omi tó ń ti inú gránáìtì wá sábà máa ń kan díẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá rí bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ kí omi gba orí òkúta mábù tí wọ́n fọ́ wẹ́wẹ́ kọjá, á gbé pH sókè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé á fi líle díẹ̀ kún un. Ìdí mìíràn tí mi ò fi fẹ́ álọ́ọ̀mù níbí nìyẹn: ńṣe ló ń sọ omi di kíkan sí i.

Bàbá Tọ́lá, Gwarinpa

Olùkọ́, ẹ ṣeun. Àmọ́ mi ò rí irin nílé mi o, mo fi ọwọ́ sọ̀yà.

Olùkọ́ Kẹ́mísírì, Zaria

Ó lè má sí níbẹ̀ rárá, sà. Gwarinpa àti Kubwa sún mọ́ra, ṣùgbọ́n omi inú àpáta ń yàtọ̀ láti ilé kan sí èkejì.

Ìyá Ìbejì, Kubwa

Ẹ ṣé o, ẹ ṣé púpọ̀. Mo ti ṣe ti garawa. Ó mọ́ gaara nígbà tí mo gbà á, kò sí yanrìn kankan. Kó tó di ìrọ̀lẹ́ ó ti ń pọ́n, nígbà tó di àárọ̀ pupa ti wà nísàlẹ̀. Tíì náà dúdú, ó yà mí lẹ́nu. Ṣùgbọ́n mo tún rí nǹkan kan lójú omi inú táǹkì, ó ń dán bí ẹni pé wọ́n da epo pẹtiróòlù sí i, ó ní àwọ̀ oríṣiríṣi. Ṣé mẹkáníìkì ẹ̀yìn ilé wa ló ń da ọ́ìlì sílẹ̀ tó fi wọnú kànga ni?

Nípa aṣọ, mo ti ń fi blíìṣì rẹ àwọn funfun, ńṣe ló ń burú sí i.

Afọṣọ Karu

Ìyá, ẹ dáwọ́ blíìṣì dúró lónìí! Iṣẹ́ mi nìyí. Blíìṣì á sọ irin inú omi di ìpẹtà lórí aṣọ náà gan-an, á sì wọ̀ ọ́ lára. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí ojú àbàwọ́n, ẹ fi iyọ̀ rà á, ẹ sá a sóòrùn kó tó gbẹ tán, lẹ́yìn náà ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án dáadáa. Ẹ lè ní láti tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ ṣan gbogbo blíìṣì kúrò lára aṣọ o, ẹ má jẹ́ kí blíìṣì àti ọsàn tàbí fínígà pàdé láéláé. Gáàsì olóró ni wọ́n máa ń gbé jáde, pàápàá nínú balùwẹ̀ tí kò ní fèrèsé. Omi òjò tàbí omi tí ẹ rà lọ́wọ́ mai ruwa ni kí ẹ máa fi fọ funfun títí ẹ ó fi tún omi yín ṣe.

Ẹlẹ́rọ Dei-Dei

Omi mai ruwa náà, ẹ mọ ibi tó ti bù ú. Ọ̀pọ̀ wọn, bọ́hòlù náà ni.

Ẹ fi igi kékeré kan gún ohun tó ń dán lójú omi yẹn. Bí ó bá fọ́ sí wẹ́lẹwẹ̀lẹ tí àwọn ègé rẹ̀ sì dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kì í ṣe ọ́ìlì. Ọ́ìlì tòótọ́ á tún para pọ̀ padà.

Ìyá Ìbejì, Kubwa

Ó fọ́ o. Kò para pọ̀ mọ́.

Olùkọ́ Kẹ́mísírì, Zaria

Ìyẹn àti yíyọ̀ tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yín ń yọ̀ ló ń sọ fún mi pé àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ irin ti wọ ibẹ̀. Wọn kì í sábà fa àìsàn, ṣùgbọ́n ohun yíyọ̀ tó ń ti ara wọn jáde ló ń dí ṣáwà, wọ́n á sì dí ojú fílítà náà bí ẹ bá rà á láì tíì pa wọ́n. Blíìṣì tí Afọṣọ ní kí ẹ gbé kúrò nídìí aṣọ, inú kànga ni iṣẹ́ rẹ̀ wà.

Ẹ ṣírò rẹ̀ báyìí. Kéésìn ínǹṣì 6 máa ń gba omi bíi lítà 18 ní mítà kọ̀ọ̀kan. Tí omi tó wà nínú kànga bá jẹ́ mítà 40 ní gígùn, ó ń lọ sí lítà 700 nìyẹn. Blíìṣì tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 3.5 nínú 100, lítà 2 rẹ̀ á tó. Kó jẹ́ èyí tí kò ní òórùn dídùn, tí kò sì ní ọṣẹ nínú. Ẹ pò ó mọ́ omi, ẹ dà á sínú kànga, ẹ tan sumo, ẹ ṣí àwọn táàpù lọ́kọ̀ọ̀kan títí òórùn blíìṣì á fi dé ibẹ̀, ẹ wá tì wọ́n. Ó di ọjọ́ kejì. Kí ẹnikẹ́ni má mu ún, kí ẹ má fi wẹ ọmọ. Lọ́jọ́ kejì ẹ fa omi náà dànù títí òórùn á fi lọ, kí ẹ má dà á sí ẹ̀fọ́ tàbí òdòdó.

Ẹlẹ́rọ Dei-Dei

Kí ẹni tó mọ iṣẹ́ wà níbẹ̀ o, torí kànga yàtọ̀ síra. Ẹni tó gbẹ́ ẹ ló yẹ kó lè sọ jíjìn rẹ̀ fún yín. Kí wọ́n fọ táǹkì kó tó di pé blíìṣì wọ̀ ọ́, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó bá wà nílẹ̀ á jẹ agbára rẹ̀ tán.

Ayálégbé Lugbe

Àwa tí kò ní ilé ńkọ́? Lándílọ́ọ̀dù wa kò ní fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo gbọ́ pé wọ́n lè fi èédú ṣe asẹ́ nínú dúrọ́ọ̀mù. Ṣé òótọ́ ni?

Ìyá Ológì, Nyanya

Èédú á mú òórùn àti adùn burúkú kúrò, kì í ṣe irin. Yanrìn ni kí o lò, àbúrò mi. Òkúta wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀ dúrọ́ọ̀mù, yanrìn gbàǹgbà lé e lórí, yanrìn kíkúnná lókè. Gbogbo rẹ̀ ni kí o fọ̀ títí omi tí o fi ń fọ̀ ọ́ á fi mọ́. Omi tó ti sùn mọ́jú ni kí o dà sí i, má da èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ìpẹtà á dúró lórí yanrìn. Bí kò bá tètè ṣàn mọ́, há òkè rẹ̀ kúrò, fọ̀ ọ́, kí o dá a padà. Kí o sì máa sè é kí o tó mu, asẹ́ yìí nìkan kò tó fún omi mímu.

Ọmọ Ọ̀fà ní Gombe

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan kún un fún ẹni tó bá wà lápá ibí. Omi lè mọ́ gaara kó sì ní fúlóráìdì. Ní Kaltungo, ẹ ó rí eyín àwọn tí wọ́n dàgbà síbẹ̀ tó ní àbàwọ́n aláwọ̀ ilẹ̀, omi ilẹ̀ ibẹ̀ ló fà á. Ààlà rẹ̀ jẹ́ 1.5 mílígíráàmù nínú lítà kan. Ṣáwà kò lè yọ ọ́, yanrìn kò lè yọ ọ́, sísè kò sì lè yọ ọ́, ńṣe ni sísè máa ń jẹ́ kó ki sí i. Àfi kí wọ́n yẹ omi wò ní lábù. Ẹni tó bá ní ọmọ kékeré kó má fi èyí ṣeré.

Bàbá Tọ́lá, Gwarinpa

Ìbéèrè kan kù tí ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Aládùúgbò wọn ní kí wọ́n gbẹ́ òmíràn. Èmi gbà pẹ̀lú rẹ̀. Tí kànga kan bá ti bàjẹ́, kí wọ́n gbẹ́ èyí tó jìn jù ú lọ.

Ẹlẹ́rọ Dei-Dei

Mi ò gbà, sà, bẹ́ẹ̀ owó mi ló wà níbẹ̀ bí wọ́n bá gbẹ́ ẹ. Inú àpáta kan náà ni wọ́n á tún bọ́ sí. Irin lè dín kù, ó sì lè pọ̀ sí i, kò sí ẹni tó lè búra. Owó kànga tuntun á ra táǹkì kejì, á ra fílítà tó ń yọ irin, èyí tó ní hóró manganese dáyọ́síàìdì nínú, fún omi ilé ìdáná, á sì ṣẹ́kù. Ìgbà tí kéésìn bá ti wó tàbí tí omi bá ti gbẹ ni mo máa ń sọ pé kí wọ́n gbẹ́ òmíràn.

Ìyá Ìbejì, Kubwa

A ti pinnu. Ẹ̀ka kẹ́mísírì ní yunifásítì ní Gwagwalada ni a ó kọ́kọ́ gbé omi lọ fún pH, irin, manganese àti fúlóráìdì. Lẹ́yìn náà a ó pa kòkòrò inú kànga, a ó wá fi ṣáwà àti táǹkì kejì sí i. Ṣé ike omi tó ti tán ni mo lè fi gbé e lọ?

Olùkọ́ Kẹ́mísírì, Zaria

Ẹ béèrè ike lọ́wọ́ wọn. Èyí tí wọ́n fẹ́ fi yẹ irin wò máa ń ní ásíìdì díẹ̀ nínú kí irin má baà jókòó sísàlẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹ má ṣan án nù. Ẹ lọ kí ẹ tó da blíìṣì sí kànga.

Ìyá Ológì, Nyanya

Bí ẹ bá ń fọ táǹkì, ẹ má jẹ́ kí omi pupa yẹn ṣàn padà sí ìdí kànga. Ẹ gbẹ́ ojú àgbàrá fún un kó gba ibòmíràn lọ. Ẹ tún wo sìmẹ́ǹtì tó yí ẹnu kànga ká, bí ó bá ti là, ẹ dí i kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.